Súìtì Tí Wọ́n Pín Kí Ọkọ̀ Tó Wọ Ihò

Etí ni mo fi ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò kọrin, mi ò sì tún rédíò ṣe. Iṣẹ́ mi ni kí n wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré gan-an, kí n jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi wọ ihò abẹ́ ilẹ̀, kí n sì sọ ohun tí afẹ́fẹ́ inú ihò náà ṣe sí mi létí. Lẹ́yìn náà, n ó wo ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀, n ó fi wé ohun tí etí sọ. Bí àwọn méjèèjì ò bá bára mu, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Barking, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, torí pé àwọn kan nínú wọn fẹ́ ṣe ẹnjiníà, wọn ò sì mọ irú èyí tí wọn ó ṣe. Wọ́n fún mi láyè díẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, láàárín ìkéde àti ìrẹsì. Mo bẹ̀rẹ̀, ìrẹsì dé, mo dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Kí n tètè sọ ọ́ o: ẹjọ́ wà nínú ìtàn yìí, mo sì fẹ́ rò ó bó ṣe rí gan-an, mi ò ní bù mọ́ ọn, mi ò sì ní yọ kúrò níbẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí mi sí. Mo kàwé ẹnjiníà ẹ̀rọ ní yunifásítì nílé, mo tún ka òmíràn lé e nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn lára nǹkan tó ń sáré ni mo yàn láàyò. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò ní ìtàn: mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, wọ́n gbà mí. Owó oṣù tó wa jẹ, ó sì tó san owó ilé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Valence Park. Ó tán.

Ẹni tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ìyáàfin Hallam ni orúkọ rẹ̀, obìnrin òyìnbó kúkúrú kan tó máa ń wọ kóòtù kan náà tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn. Òun ni olórí àwa tí à ń dán ìtura èrò wò nínú ọkọ̀. Gbogbo ọ́fíìsì ń pè é ní Joan. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ju màmá mi lọ lọ́jọ́ orí.

"Joan ni mo ń jẹ́," ló wí fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Èmi kì í ṣe ọbabìnrin."

"Rárá, Mà."

Ó wò mí títí, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n lọ gbé àpótí ẹ̀rọ wá. A ò tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́.

Kí n tó sọ bí obìnrin yìí ṣe le tó, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí à ń wá kiri. Ẹ ronú nípa pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Tí ẹ bá ti ọ̀pá rẹ̀ wọnú, afẹ́fẹ́ tó wà níwájú ọ̀pá á fún pọ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń wọ ihò nìyẹn. Ní gbangba, afẹ́fẹ́ ráyè yà fún un lọ́tùn-ún àti lósì. Nínú ihò, kò sí ibi tó máa yà sí. Ọkọ̀ á tì í síwájú, á fún pọ̀, ìgbì ìfúnpá á sì ṣáájú ọkọ̀ lọ, bí ohùn ṣe ń yára náà ni yóò yára. Tó bá dé ìpẹ̀kun ihò, á yí padà, á wá máa fa nǹkan dípò kó máa tì í, á sì pàdé ọkọ̀ lọ́nà. Nígbà tí ìdí ọkọ̀ bá wọlé, ìgbì mìíràn á tún dìde. Bí ọkọ̀ méjì bá wá pàdé ara wọn nínú ihò kan náà, ẹni tó wà nínú wọn á mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tó kan etí níbẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà lẹ́yìn awọ inú etí wa. Afẹ́fẹ́ yẹn kò tètè mọ̀ pé nǹkan ti yí padà níta. Bí ìfúnpá inú ọkọ̀ bá yí padà lójijì, wọ́n á máa ti awọ yẹn láti ẹ̀gbẹ́ kan. Etí á dí. Tó bá pọ̀ jù, á dunni. Ohun tó ń tú u sílẹ̀ ni kéèyàn gbé nǹkan mì, nítorí ọ̀nà tóóró kan wà láti ẹ̀yìn etí dé ọ̀fun, gbígbé nǹkan mì ló sì ń ṣí i. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ gbígbé nǹkan mì yìí. Orí rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ mi dúró lé.

Òfin Ìyáàfin Hallam rèé. Ẹni tó bá fẹ́ dán ọkọ̀ wò kò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan kan nínú rẹ̀, títí kan ṣingọ́ọ̀mù. Kò gbọ́dọ̀ yán. Tó bá ku díẹ̀ ká wọ ihò, kí ó pa ẹnu dé, kí ó má sì gbé itọ́ mì àfi tí ara rẹ̀ ò bá gbà á mọ́. Ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń dà láàmú, kí ó jókòó sílé. Ó ní ẹni tó ń sùn kì í gbé itọ́ mì tó bó ṣe yẹ, ọmọ ọwọ́ tó ń sùn náà ńkọ́. Àwọn yẹn là ń ṣiṣẹ́ fún, kì í ṣe ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì lọ ní tirẹ̀. Á wá jókòó kojú wa, ojú rẹ̀ á wà lọ́fun wa bíi ti ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná.

"Títí, o gbé itọ́ mì."

"Rárá, Mà."

"Gògóńgò ẹ lọ sókè, ó sì sọ̀ kalẹ̀."

"Mo kàn ní kí n..."

"Ibùdókọ̀ tó ń bọ̀, kí o sọ̀."

Ó sì sọ̀ mí kalẹ̀ lóòótọ́, nínú òjò, ní ibùdókọ̀ kékeré kan tí mi ò mọ̀ pé ó wà láyé. Inú bí mi títí mo fi délé. Ọkọ mi ní, "Torí itọ́?" Mo ní, "Torí itọ́." Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fi àga sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo padà síbi iṣẹ́. Obìnrin náà kàn nawọ́ sí ìjókòó tó kojú tirẹ̀.

Ohun mìíràn tó kọ́ mi ni pé kí n má fi gbogbo ara gba ohun tí èrò bá fẹnu sọ. "Bi wọ́n," á ní, "ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo ọwọ́ wọn." Mo wò ó, mo sì rí i. Ọkùnrin kan á gbé ọwọ́ létí nígbà tí a bá wọ ihò, á fi ìka ro ó, ṣùgbọ́n tí mo bá bi í léèrè, á ní òun ò mọ nǹkan kan lára. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Kò mọ̀ pé òun gbé ọwọ́ ni.

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àpótí irin ni ẹ̀rọ ìwọ̀n wa, ó wúwo, ó ní bébà tó ń yí àti kálámù tín-ín-rín tó ń fa ìlà sí i. Bí a bá ti wọ ihò, kálámù á fò, yíǹkì á ta sí wa láṣọ. Nígbà tó yá, àpótí kéré, bébà lọ, nọ́ńbà dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ ìwọ̀n ò ju bọ́tìnì kóòtù lọ, a kàn ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọkọ̀. Nígbẹ̀yìn, kọ̀ǹpútà wá lè sọ ohun tí ìfúnpá yóò ṣe kí wọ́n tó gbẹ́ ihò rárá. Mo fẹ́ràn kọ̀ǹpútà yẹn, èmi gan-an ni mo kọ́ àwọn tó wọlé lẹ́yìn mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àwọn ọkọ̀ àti ihò náà ń dára sí i. Wọ́n ń kọ́ ẹnu ihò kí ó fẹ̀ bí ẹnu fèrè, kí ìfúnpá má baà dé lójijì. Wọ́n ń fi rọ́bà tó nípọn sí etí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Wọ́n ń fi ìdérí sí ojú ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, kí ó lè pa dé fúnra rẹ̀ kí ọkọ̀ tó wọ ihò. Iṣẹ́ tó dára ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣiṣẹ́, ẹ lè máa sùn lọ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ ni mo wí.

Ìyáàfin Hallam fẹ̀yìn tì, wọ́n fi Ọ̀gbẹ́ni Denby rọ́pò rẹ̀. Ọlọ́yàyà èèyàn ni. Agolo súìtì kì í wọ́n nínú àpò rẹ̀. "Ẹ mú ọ̀kan," á máa wí, bí ó bá ti ku díẹ̀ ká wọ ihò. Gbogbo ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀. Kò pẹ́ tí òfin pípa ẹnu dé fi di ohun tí wọ́n ń fi àwa àgbà iṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìgbà tirẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tuntun kan dé tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ kó jáde fún èrò. Mo wọ̀ wọ́n, mo rí i pé ìdérí amúlétutù inú wọn máa ń pẹ́ kí ó tó pa dé. Ọkọ̀ á ti wọ ihò, ìdérí á ṣì la sílẹ̀, ìfúnpá ìta á gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá jókòó sábẹ́ ibẹ̀ ló máa jẹ ẹ́ jù. Mo sọ ọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Denby. Ó mú ìwọ̀n tí ẹ̀rọ kọ, ó pín in dọ́gba fún gbogbo inú ọkọ̀, ó ní ó dára. Mo ní kò sí ẹni tó ń jókòó sí gbogbo inú ọkọ̀. Ìjókòó kan ṣoṣo lèèyàn ń jókòó sí.

"Ẹ̀yin ọmọ Joan," ló wí, "etí yín ti mẹ́lẹ́gẹ́ jù. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn èèyàn gidi." Ó ní kí oníkálukú wa lọ kó ará ilé àti aládùúgbò wá láti dán ọkọ̀ wò.

Mo kó àwọn ará ìjọ mi. Pa Àlàbí wà nínú wọn, alàgbà tó dàgbà jù láàárín wa, tó sì tún jẹ́ aláwàdà. Màmá Fọlá náà wà níbẹ̀, òun ló ń dá orin nínú ìjọ. Kì í dúró de dùùrù. Á la ẹnu, orin á bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí, dùùrù á wá bá a níbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ orin.

A wọ bọ́ọ̀sì láti Barking lọ sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin náà wà. Ilé àdúrà làwọn mìíràn ti wá, sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n fún wa ní tíì àti búrẹ́dì. Inú àwọn èèyàn mi dùn.

"Títílayọ̀," Pa Àlàbí pè mí nígbà tí a jókòó tán, "ṣé lóòótọ́ ni pé ihò yìí gba abẹ́ Barking kọjá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ó gba abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ká yáa bọ́ bàtà nìyẹn o."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, torí pé nínú ìjọ tiwa, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà. Ẹnì kan tilẹ̀ bọ́ tirẹ̀ lóòótọ́.

Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó kọ̀ọ̀kan, bọ́tìnì márùn-ún wà lára rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá jáde nínú ihò, kí oníkálukú tẹ bọ́tìnì tó bá bó ṣe rí lára rẹ̀ mu. Ọ̀kan ni pé kò sí wàhálà rárá. Àárùn-ún ni pé ìrora wà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ nìyẹn, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá.

"Kí lo pe ìkarùn-ún?" Màmá Fọlá bi mí.

"Ìrora, Mà."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ẹ má bínú, Mà, kì í ṣe èpè. Tí etí bá dùn yín ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Mo gbọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí n wá fi ìka ara mi tẹ ìrora fún ara mi? Lọ́wọ́ àárọ̀? Ìwọ náà ò lè tẹ̀ ẹ́, Títí."

Pa Àlàbí dá sí i. "Tí a bá ní ó dùn wá, ṣé wọn ò ní sọ pé Títílayọ̀ ló kó àwọn aláròyé wá bá wọn? Wọ́n fún wa ní búrẹ́dì, wọ́n fún wa ní tíì. Ọ̀kan la máa tẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, òótọ́ ni mo fẹ́."

"Òótọ́ ni ọ̀kan."

Mo dìde, mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Denby. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn èèyàn yìí kò ní tẹ ohun tí wọ́n kọ ìrora sí, kí ó jẹ́ kí n yí ìbéèrè náà padà. Kí a kàn bi wọ́n bóyá etí wọn dí tàbí kò dí, wọn ò ní lọ́ra láti sọ ìyẹn. Ó ní kò sí àyè. Lẹ́yìn náà ló yọ agolo jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pín súìtì láti ìjókòó dé ìjókòó. Mo sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ẹni tó bá ń lá súìtì ń gbé itọ́ mì, pé ohun tó ń ṣe yìí ló ń ba ìdánwò jẹ́. Ó ní, "Àlejò wa ni wọ́n, Títí. Ẹ̀yin náà kì í fi ẹnu gbígbẹ gba àlejò."

Ó dé ọ̀dọ̀ Màmá Fọlá. Màmá fi ọwọ́ sí àyà, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Mo wà nínú àwẹ̀." Kò tíì mu tíì, kò tíì jẹ búrẹ́dì láti àárọ̀, mi ò fura. Ọ̀gbẹ́ni Denby bi mí ohun tó sọ, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi súìtì méjì sí i lọ́wọ́ pé kó fi pa mọ́ de ìgbà tó bá ṣínu. Màmá jù ú sínú báàgì. Ó pa ojú dé, ó pa ẹnu dé, ó ń gbàdúrà nínú. Ìgbà tí mo gbé ojú sókè ni mo rí ohun tó wà lókè orí rẹ̀: ojú amúlétutù. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí ìjókòó yìí." Kò tíì la ojú nígbà tí a wọ ihò.

Ìfúnpá bà mí létí bí ìgbátí. Mo rí ọwọ́ tó lọ sókè níhìn-ín lọ́hùn-ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn èèyàn ń mì pẹ̀lú súìtì. Orí Màmá yí sí òsì lójijì bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn. Kò ké. Ó fa ìborùn rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí òsì. Nígbà tí a jáde tó gbé e kúrò, ibì kan lára aṣọ funfun náà ti tutù, ó pọ́n díẹ̀.

"Mà, kí ló ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. A dúpẹ́."

Mo wo ìka rẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Màmá dìde láti dá orin. Ó la ẹnu, orin bọ́ síbi tí kò yẹ. Dùùrù ń wá a kiri, kò bá a. Ìjọ bá wọn gbé e, ó sì dúró láàárín orin, ó yíjú sí mi.

"Títí, kí ló dé tí àwọn apá òsì dákẹ́?"

Kò sí ẹni tó dákẹ́ nínú wọn.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní awọ inú etí náà ti ya, ohun tó wà nínú lọ́hùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ sì ti fara pa. Awọ lè jinná, ló wí. Ti inú lọ́hùn-ún kò dá a lójú. Awọ jinná lóòótọ́. Ti inú kò jinná.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Ọ̀gbẹ́ni Denby, lójú àwọn ọ̀gá rẹ̀, torí ọjọ́ tí ọkọ̀ náà máa bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Ó tẹ ọ̀kan," ló wí. "Àánú ẹ̀ ṣe mí, Títí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́ pé kò sí wàhálà. Gbogbo wọn ló tẹ ọ̀kan."

Mo ka ohun tó ṣe fún un, bí mo ṣe ń kà á fún yín yìí. Mo ti sọ pé ìdérí ń pẹ́, ó sì mọ̀. Ó fi ìpíndọ́gba bo ìjókòó kan ṣoṣo mọ́lẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ tí wọn kò lè tẹ̀ síwájú àwọn èèyàn, nígbà tí mo sì sọ fún un, ó ní kò sí àyè. Ó fún gbogbo èrò ní ohun tó ń ṣí etí, kí ó tó bi wọ́n bóyá etí wọn dí. Mo ní, "Nínú gbogbo èrò yẹn, ẹnì kan péré ni kò gbé nǹkan mì, ẹni tó ń gbààwẹ̀ ni. Òun nìkan ni ẹ dán ọkọ̀ wò lára rẹ̀. Lára àwọn yòókù, súìtì lẹ dán wò."

Àwọn ọ̀gá rẹ̀ yíjú sí i. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ ti wọ ihò yìí rí láìsí súìtì lẹ́nu?"

Ó rò ó. "Mi ò rántí."

"Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà, torí ojú àwọn ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo tẹ Ìyáàfin Hallam láago. Ó dé pẹ̀lú kóòtù yẹn náà. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan ju ẹyọ kan lọ: "Ìjókòó wo?" Mo fi hàn án. Ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Denby jókòó síbẹ̀, òun náà sì jókòó kojú rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ ihò, ọwọ́ ọkùnrin náà ń wá ọ̀nà àpò.

"Agolo," Ìyáàfin Hallam wí, ó tẹ́ ọwọ́.

Ó yọ ọ́ fún un bí ọmọ ilé-ìwé.

"Pa ẹnu dé. Tó bá pọ̀ jù fún ẹ, gbé itọ́ mì. A ó rí i."

A wọ ihò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fò lọ sí etí kí ó tó mọ̀, ojú rẹ̀ fún pọ̀, gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún lọ sókè.

"Ó gbé itọ́ mì, Títí," Ìyáàfin Hallam wí.

"Mo rí i, Mà."

"Ibùdókọ̀ tó ń bọ̀," ló wí fún un, "kí o sọ̀."

Wọ́n tún ìdérí gbogbo àwọn ọkọ̀ náà ṣe kí èrò tó wọ̀ wọ́n. Mo sọ ìyẹn nítorí pé òótọ́ ni, mo sì ní n ó rò ó bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé àwọn ṣe àtúnṣe díẹ̀ kí ara lè túbọ̀ tu èrò. Wọn ò kọ ìdí rẹ̀. Wọn ò dárúkọ Màmá Fọlá. Nínú àkọsílẹ̀ ìdánwò náà, ọ̀kan ló wà níwájú ìjókòó rẹ̀ dòní. Mo ní kí wọ́n yí i padà. Wọ́n ní àwọn kò lè yí ohun tí èrò fúnra rẹ̀ tẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n yí i, lọ́dọ̀ ọ̀gá tó tẹ̀lé e, àti lọ́dọ̀ èyí tó tún tẹ̀lé ìyẹn. Ìdáhùn kan náà ni. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n gé kéèkì, Ọ̀gbẹ́ni Denby wá sọ pé etí mi ló mú jù nínú ilé-iṣẹ́. Mo bi í pé ti Màmá Fọlá ńkọ́. Ẹnì kan yí orin sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ẹnjiníà, ẹ ṣe é. Iṣẹ́ dídára ni, n ó sì tún un yàn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ kò fìgbà kan fún mi ní wàhálà tó ti ẹni tó ń ka ohun tí ẹ̀rọ kọ.

Màmá Fọlá kì í dá orin mọ́. Ìparí ìlà ló ń jókòó sí báyìí, á máa wo ẹnu àwọn tó kù. Láìpẹ́ yìí, Fọlá ọmọ rẹ̀, tó ń gbé létí òkun ní Kent, ní ká wá kí òun. Àwọn ọkọ̀ yẹn náà la wọ̀. Mo jókòó sí ọ̀tún Màmá, níbi tó ti lè gbọ́ mi. Ìyá kan jókòó kojú wa pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ tó sùn fọnfọn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. A wọ ihò. Mo pa ẹnu dé, mo ń wo ọmọ náà. Kò mira. Nígbà tí a jáde sínú ìmọ́lẹ̀ ní apá Dagenham, kò tíì mira.

"Títí," Màmá wí, "ìgbà wo la máa wọ ihò yẹn?"

"A ti wọ̀ ọ́, Mà. A ti jáde."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, Mà. Ìdérí ń ṣiṣẹ́."

Ó wo ọmọ tó ń sùn náà fún ìgbà díẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ lé etí òsì rẹ̀, bó ṣe gbé e síbẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò yẹn.

"Lọ́jọ́ yẹn lọ́hùn-ún," ló wí, "ó dùn mí o. Ó dùn mí gan-an ni."

Mo ní kó jọ̀ọ́ tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ilé-iṣẹ́ ò ní ibi tí wọ́n máa kọ ọ́ sí. Mo kọ ọ́ síbí: Màmá Fọlá, ìjókòó abẹ́ ojú amúlétutù, àárùn-ún.